Ẹnu Ìyá Tí Kò Ṣeé Yà

Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ orúkọ àwọn tó bá wá tọ́jú eyín sínú ìwé, ní ilé ìwòsàn kékeré kan. Ayàwòrán ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti dilẹ̀ báyìí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya imú ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ sẹ́yìn káàdì. Kò kọ́ ọ níbì kankan. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni, bó ṣe fẹ́ràn géèmù orí fóònù tí wọ́n fi ń to búlọ́ọ̀kù aláràbarà léra. Ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé, "Bí o bá fi ọ̀dà sílẹ̀, géèmù ni. Bí o bá fi géèmù sílẹ̀, oorun ni."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kó lọ sílé tuntun, ó ní kó bá òun ya ìyá wọn tó ti di olóògbé, kí òun gbé e kọ́ sí pálọ̀.

"Ìyẹn ò le, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ayàwòrán dáhùn. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù tí ojú ìyá hàn nínú rẹ̀. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bẹ́ẹ̀, Ayàwòrán ò mọ ọwọ́ yà rárá. Gbogbo èyí tó bá yà a máa dà bí ìdì igi ìdáná. Ó wá pinnu pé òun á yọ ọwọ́ kúrò, òun á fi ẹnu tí òun rántí síbẹ̀. Ìgbà tó mú búrọ́ọ̀ṣì ló tó rí i pé òun ò rántí. Ẹnu àjèjì tó ń rí lójoojúmọ́ kò lóǹkà, àmọ́ ti ìyá tó bí i ti pòórá. Àkọ́kọ́ tó yà jọ àbúrò bàbá wọn obìnrin kan, tí òun àti ìyá ò bára wọn sọ̀rọ̀ títí ikú fi dé. Ó fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Èkejì jọ ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, irùngbọ̀n ló kù kó hù.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹ̀kẹta wá jọ ìyá wọn gan-an. Ó tẹ́ ẹ sórí àga kó lè gbẹ, ó mú fóònù, ó ní òun á gbá géèmù kan péré fi sinmi. Ọ̀kan di méjì, méjì di méje. Ibẹ̀ ló wà tí ọkọ rẹ̀ fi wọlé. Ó ti rẹ ọkùnrin náà tẹnutẹnu, ló bá jókòó gbàgà.

"Kí ló tutù báyìí?"

"Ẹ dìde! Ẹ dìde! Màmá mi lẹ jókòó lé!"

Ọkọ fò dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí dígí, ó yí ọrùn. Ojú àna rẹ̀ ló ń wò ó láti ìdí ṣòkòtò. Ayàwòrán fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ọkọ bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n ta ni Ayàwòrán yóò bá wí? Òun fúnra rẹ̀ ló fi àwòrán sórí àga, fóònù rẹ̀ ló sì gbà á lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n dé. Ó wo ohun tó ṣẹ́kù, kò bínú.

"Ẹ ṣàpèjúwe ẹnu Màmá fún mi," ni Ayàwòrán bẹ̀ ẹ́.

"Ṣebí ètè tín-ín-rín ni, tí igun rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀."

"Rárá o, ètè Màmá kún."

"Ìwọ àbíkẹ́yìn, kí lo mọ̀?" Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ó fi ìka kan ètè ara rẹ̀. "Àbí tèmi ni mò ń sọ?"

Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn lẹ́nu. "Ọdún mọ́kànlá péré tí Màmá ti lọ," ni ẹ̀gbọ́n wí, "a ti sọ ẹnu Màmá nù."

Nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n gbé fọ́tò náà lọ bá onífọ́tò, ó sọ ọ́ di ńlá, wọ́n sì gbé e kọ́. Ọjọ́ tí Ayàwòrán lọ kí i, ó dúró pẹ́ níwájú fọ́tò náà. Ara tù ú pé ẹnikẹ́ni ò ní béèrè àwòrán lọ́wọ́ òun mọ́. Ó sì dùn ún wọra pé iṣẹ́ òun kọ́ ló wà lára ògiri.

"Wá jókòó o," ni ẹ̀gbọ́n pè é.

"Mò ń bọ̀," ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan.