Ìyá Onílé àti Òrùlé Tó Ń Fèsì

Bí ọ̀rọ̀ Ìyá Onílé bá délẹ̀ ládùúgbò wa, ọjọ́ tí káfíńtà sá lọ la máa ń kọ́kọ́ sọ. Màmá náà ní kó wá wo òrùlé òun tó ń jò. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó dá iye kan lé iṣẹ́ náà.

"Dúró ná, ọmọ mi," ni màmá wí. "Jẹ́ kí n bi í." Ó gbójú sókè. "Ìwọ òrùlé, ṣé o lè fara dà á títí di ẹ̀ẹ̀rùn?"

Òrùlé dún lẹ́ẹ̀kan: kọ̀ọ́.

"Ó ní òun lè fara dà á. Kò sí ìkánjú nìyẹn. Èló lo máa gbà gan-an?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín, ó yọ díẹ̀ kúrò. Màmá tún gbójú sókè. "Ṣé ká gbà?" Òrùlé dún lẹ́ẹ̀mejì: kọ̀ọ́, kọ̀ọ́.

"Ó ní ó ṣì wọ́n."

Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́ lọ́jọ́ náà. Káfíńtà wo òkè, ó wo màmá, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò padà wá gbé àkàbà irin rẹ̀ láéláé. Màmá ní òun kò jí i o, òun kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni, ó sì ń gùn ún lọ́dọọdún kó má baà dípẹtà.

Ìyá Onílé la ń pè é, ṣùgbọ́n kò ní ayálégbé, kò sì ní owó. Ilé nìkan ló ní. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, ó sì kú kó tó kùn ún. Ẹ̀bẹ̀ kan tó bẹ màmá kó tó kú ni pé kó má tà á. Aṣọ tó ya ni màmá ń bá èèyàn tún rán, ohun tó ń rí níbẹ̀ kò sì tó jẹun, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àtúnṣe ilé. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àmọ́ ìtẹ́ ti màmá yìí tóbi ju eku lọ fíìfíì.

Ọgbọ́n tó wá dá ni pé ó ń pe ilé rẹ̀ sípàdé. Lóṣooṣù, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á jókòó sídìí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, á gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ohun tó ń bàjẹ́ nínú ilé. Ẹnìkan ṣoṣo lowó rẹ̀ lè tó fún.

"Ilẹ̀kùn, mo ti gbọ́. Òróró maṣíìnì ni wàá gbà, má béèrè àgádágodo tuntun lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ omi, omi tó ò ń dà sílẹ̀ yẹn, èmi ni mò ń sanwó ẹ̀, panu dé! Ẹni tó bá ké jù ló máa gbẹ̀yìn."

Àwa tí à ń kọjá máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyẹn ò burú, àgbà tó ń dá sọ̀rọ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ohun tó ń mú wa yásẹ̀ ni pé bó bá ti wí báyìí, ẹ̀rọ omi á dákẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ògiri pálọ̀ ló wá jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ó ya láti òkè, ó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ti màmá yìí, aláǹgbá ti kó ẹbí wá. Bírikìlà ní àfi kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un mọ. Màmá mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ, ó fa ìlà sábẹ́ ibi tó ya dé.

"O ò gbọdọ̀ kọjá ibí yìí. Bí mo bá rówó, màá rán ẹ."

Nígbà tí òjò ọdún náà fi dá, ògiri ti ya sí i lóòótọ́. Ó sọ̀kalẹ̀ dé orí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó yà sọ́tùn-ún, ó sì tẹ̀ lé ìlà náà lọ gbọọrọ láìkọjá rẹ̀. Bírikìlà wá wò ó. Ó ṣí fìlà, ó kí ògiri kó tó jáde.

Ọmọ kan ṣoṣo tí màmá bí, nọ́ọ̀sì, kò gba èyíkéyìí gbọ́.

"Màámi, ẹ ta ilé yìí, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Páànù lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀!"

"Ṣé ìwọ kì í bá aláìsàn tó ti sùn lọ sọ̀rọ̀ ni?"

"Àwọn yẹn ń mí, màámi."

"Tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa," ni màmá wí.

Ọmọ náà kò sùn níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí àìsàn dá màmá wólẹ̀, ó pe ìpàdé kan kẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. "Ẹ̀yin ilé mi, mo mọ̀ pé mi ò tọ́jú yín bó ṣe yẹ. Ẹ má dójú tì mí lọ́jọ́ ìsìnkú mi. Bí àlejò bá ti lọ tán, ẹ ké bó ṣe wù yín." Òrùlé dún lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, òjò rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Gbogbo wa kún inú ilé náà, a gbójú sókè, à ń retí. Ẹ̀kán omi kan kò kán. A wá ń sọ ìtàn káfíńtà, a rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, omijé náà kò sì lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí àlejò tó gbẹ̀yìn lọ, ọmọ náà mú ọlọ́jà sìmẹ́ńtì kan wá láti ra ilé. Àwa aládùúgbò mélòó kan bá wọn wọlé. Oòrùn ń ràn níta. Bí ọkùnrin náà ṣe lanu dá iye, ilẹ̀kùn ké, omi ya lẹ́nu ẹ̀rọ, òrùlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní gbogbo yàrá. Orí maṣíìnì màmá nìkan ló gbẹ.

"Ẹ dákẹ́!" Nọ́ọ̀sì ló pariwo, àmọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ló jáde. Orí gbogbo wa wú. "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ pàdánù ẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnìkọ̀ọ̀kan yín!"

Gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Ó jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń sunkún, ó gbójú sókè. "Owó oṣù mi ò pọ̀. Ṣé ẹ lè fara dà á títí tí wọ́n á fi san án?"

Òrùlé dún lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tá a máa wẹ̀yìn, ọlọ́jà sìmẹ́ńtì ti lọ. Agboòrùn rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì gbé e, ó fi ti àkàbà káfíńtà.

"Mi ò jí i o," ló wí, ó ń nu ojú rẹ̀. "Mo kàn ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

A rẹ́rìn-ín títí. Àárò màmá sì sọ gbogbo wa.