Àkàngbé àti Ẹ̀rọ Ìlù Tó Fẹ́ràn Ááfù Kọ́rẹ́ǹtì

Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé yìí, ṣùgbọ́n Àkàngbé nìkan ni wọ́n mọ̀ ní Muṣin tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì tún lọ fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rọ náà wálé, tó ń nù ún lójoojúmọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Bàbá rẹ̀, òṣómàáló tó ń ta aṣọ ní Tejúoṣó, ti fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Àkàngbé ní òun ò lè máa wọn aṣọ kiri nígbà tí Ọlọ́run fún òun ní ọwọ́ ìlù. Ó wọ ẹgbẹ́ olórin Ọládèjì ní Sùúrùlérè, wọ́n gbé e jókòó sẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń lu dírọ́ọ̀mù. Àwo ń jáde lọ́tùn-ún lósì. Bí ọ̀kan bá ti jáde, Àkàngbé á yí páálí rẹ̀ sẹ́yìn, á wá orúkọ ara rẹ̀. Orúkọ Ọládèjì á wà níbẹ̀, ti onígìtá á wà níbẹ̀, ti télọ̀ tó rán aṣọ wọn pàápàá á wà níbẹ̀. Ti onílù ò sí. "Ó máa wà nínú èyí tó ń bọ̀," ni Ọládèjì máa ń wí, bí ẹni ń tan ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́.

Ní ọdún 1986, Ọládèjì ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú àpótí pẹlẹbẹ kan tó kún fún bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ìlù ni. Tẹ bọ́tìnì kan, ó lù. Tẹ òmíràn, ó dákẹ́. Kì í jẹun, kì í bèèrè owó ọkọ̀, kì í yẹ ẹ̀yìn àwo wò. "Àkàngbé, o mọ̀ pé ayé ti yí padà," ni Ọládèjì wí. Àkàngbé kúkú mọ̀. Ó kó ọ̀pá ìlù rẹ̀, ó gba Muṣin lọ.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi di ògbólógbòó lójú Ọládèjì, tó ra tuntun, tí wọ́n sì ju ti àkọ́kọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ. Àkàngbé rí i níbẹ̀, ó dá a mọ̀ bí a ti ń dá ọ̀tá ẹni mọ̀ láàárín èrò, ó sì rà á.

Àṣàbí, ìyàwó rẹ̀, wo àpótí náà títí.

"Bàbá Lateefat, ṣé èyí ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín?"

"Òun ni."

"Ẹ wá gbé e wálé kó lè gba yàrá náà?"

Àkàngbé ti ń wá ohun tí á fi ṣí ìdí rẹ̀. Ó ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe. Kọ́n, kọ́n, kọ́n ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń lù, bí ẹni ń kan ìṣó. Kò mọ ayọ̀, kò mọ àárẹ̀. Òun á tú u palẹ̀, òun á tún un tò, títí tí á fi máa ké bí ohun tí etí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ sínú àwo, ó di dandan kó kọ orúkọ ẹni tó dá a sẹ́yìn páálí. Ohun tí Àkàngbé ń wá ò ju ìyẹn lọ: orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn àwo kan ṣoṣo, kó tó kú.

Ó tú u. Ó já wáyà níhìn-ín, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún. Ó rí nǹkan kékeré kan nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí iná dúró déédéé. Ó ní ó ń gba àyè lásán, ó yọ ọ́ sọnù. Àwọn ará ilé ní ìbànújẹ́ ti wọ̀ ọ́ lórí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà yanu. Ìlù ńlá inú rẹ̀ kérora bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí àga. Ìlù kékeré ṣe ṣàà, bí ata tó bọ́ sínú epo gbígbóná. Ó sáré, ó rọra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, ó tún gbéra. Orí Àkàngbé wú. Ó sáré gba ohùn náà sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti iná àdúgbò náà díẹ̀. Kì í lọ tán, kì í dé tán. Ááfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é: bùlọ́ọ̀bù á pọ́n bí epo pupa, á máa wo ènìyàn. Bí Síkírù, tó ń jó irin pọ̀ ní òdìkejì títì, bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ilé á ṣú, á tún là, á tún ṣú. Omi tútù ni Àṣàbí ń tà, ṣùgbọ́n fíríìjì rẹ̀ ò mú omi tutù rí; olùbárà á mu ún, á wo inú ife, á wo ojú Àṣàbí. Obìnrin náà ní níwọ̀n ìgbà tí ọkọ òun ò ti níṣẹ́, kó kúkú bá àdúgbò wá tiransifọ́mà tuntun. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àkàngbé ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ló ń kó èrò lẹ́yìn lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná, ó ń fi ọwọ́ onílù gbá tábìlì wọn. Wọ́n ní kó máa lọ, àwọn ń bọ̀. Ọmọ Èkó wo ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn?

Ó wá gbé kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí Ìlúpéjú, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosaline, tó ní ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Rosaline gbọ́ ọ, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ta ló lu èyí?"

"Èmi ni, mà. Èmi àti ẹ̀rọ."

"Igbe ọmọ àti èébú ẹnì kan kún inú ẹ̀, mi ò lè fi èyí ṣe àwo. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn wá. Tó bá lè ké báyìí níwájú mi, màá lò ó, màá sì kọ orúkọ yín sẹ́yìn àwo, gàdàgbà."

Gàdàgbà! Àkàngbé wọ aṣọ ọdún lọ́jọ́ tó gbé ẹ̀rọ lọ. Àṣàbí tẹ̀lé e, ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ènìyàn. Wọ́n ki ẹ̀rọ mọ́ iná. Gbogbo ènìyàn tẹ́tí.

Kọ́n, kọ́n, kọ́n.

Kò sí bí a ó ti ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Àkàngbé yí bọ́tìnì, ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi oríkì bẹ̀ ẹ́. Kọ́n, kọ́n, kọ́n. Òógùn bo aṣọ ọdún. Àṣàbí, tí ọ̀rọ̀ ìlù ò yé, gbójú sókè ní tirẹ̀.

"Bàbá Lateefat, ẹ wo bí bùlọ́ọ̀bù wọn ṣe funfun! Ká ní irú iná yìí la ní nílé, fíríìjì mi ì bá ti máa ṣe yìnyín."

Ìgbà náà ló yé e. Kì í ṣe òun nìkan ló dá ohùn náà. Ááfù kọ́rẹ́ǹtì ló ń mú ẹ̀rọ kérora, Síkírù ló sì ń mú un sáré kó tó rọra. Ó fi ìtìjú ṣàlàyé fún Rosaline. Rosaline rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé kí n wá kọ orúkọ yín pọ̀ mọ́ tàwọn oníná ni?" Ó nu ojú rẹ̀. "Ó dáa. Mo ní rẹ́kọ́dà tó ń lo bátìrì. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi á wá sí Muṣin."

Àkàngbé padà sílé bí ọba. Ó bẹ àwọn abiyamọ pé kí wọ́n mú ọmọ wọn jáde lọ́jọ́ náà, ó bẹ Síkírù pé kó máa jó irin láì bú ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀ ni ìròyìn dé: tiransifọ́mà àdúgbò ti wà lórí ọkọ̀. Ẹsẹ̀ Àkàngbé ò kanlẹ̀ títí ó fi dé ọ́fíìsì àwọn oníná.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣe sùúrù di ọjọ́ Àìkú."

Ọ̀gá oníná wò ó. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ gbá tábìlì mi fọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ ní àwọn ìyàwó yín ń sunkún nínú òkùnkùn."

"Wọ́n lè sunkún di ọjọ́ Àìkú, sà."

Ọ̀gá rò pé ó wá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Inú bí i, ó sì ṣe ohun tí kò tíì ṣe láti ọdún méjì: ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Jímọ̀, tiransifọ́mà ti dé orí ìdúró. Iná tàn. Ariwo sọ láti ilé dé ilé. Wọ́n gbé Àkàngbé sórí èjìká, wọ́n ń pè é ní akọni, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

Àṣàbí gbé ife omi wá fún un, yìnyín léfòó lórí rẹ̀. "Ẹ mu ún, Bàbá Lateefat. Ẹ̀yin lẹ ṣe é." Ojú obìnrin náà ń tàn. Àkàngbé mu ún. Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó fẹ́ sunkún, inú ìyàwó rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin, yàrá kan náà ni wọ́n sì wà. Ta ni ká dá lẹ́bi? Àfọwọ́fà ni.

Rosaline ò yẹ àdéhùn. Ó dé lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó, ó fi nǹkan bo etí. Àkàngbé ti ní kí gbogbo ilé tan áyọ́ọ̀nù wọn, kí agbára iná lè dínkù. Síkírù jó irin títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó sáré wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti jó gbogbo irin tó wà nílẹ̀ tán. Ó ku ọwọ́ ara mi."

Bùlọ́ọ̀bù ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Kọ́n, kọ́n, kọ́n. Rosaline rọra ká wáyà rẹ̀. Kò bínú, ìyẹn ló sì dun Àkàngbé jù. Ó gba omi lọ́wọ́ Àṣàbí, ó mu ún tán, ó ra ọ̀kan sí i fún awakọ̀ rẹ̀.

"Omi yín mà tutù o," ló wí, ó sì wọkọ̀ lọ.

Àdúgbò ò jẹ́ gbàgbé olóore. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, wọ́n sì da owó jọ láti ra ọ̀dà. Àṣàbí fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ìdí tiransifọ́mà, ó mú un yí lọ sẹ́yìn, níbi ògiri.

"Ẹ wò ó. Orúkọ yín, gàdàgbà."

Lóòótọ́, gàdàgbà ni: A DÚPẸ́ LỌ́WỌ́ Ọ̀GBẸ́NI ÀKÀNGBÉ. Lábẹ́ rẹ̀ ni èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ MỌ́. Ọkùnrin kan kọjú sí ògiri náà, ó ń tú okùn ṣòkòtò. Nígbà tó rí Àkàngbé, ó fi ọwọ́ kan kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ló wí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.