Iná Ọyẹ́ àti Ìnṣọ́ránsì Ayálégbé: Ohun Tójú Mi Rí ní Apómù

Ẹ fara balẹ̀ kí n ro ohun tójú mi rí ní Apómù fún yín. Ó ti pẹ́ o, nígbà tí àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Síbẹ̀, bí mo bá gbóòórùn igbó tó ń jó, àyà mi ṣì máa ń já!

Iṣẹ́ kádígàn ni mò ń ṣe. Mo ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun kádígàn àwọn ọmọ iléèwé, òun ni mo sì fi ń jẹun. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà mi pọ̀ sí i ní Apómù, mo wá yàrá lọ síbẹ̀. Ilé tí mo rí dára gan-an! Onílé jẹ́ bàbá àgbà kan tó ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó títí tí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Àgírímẹ́ǹtì wọn ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Ẹ gbọ́ ná: kí n tó kó wọlé, àfi kí n fi ẹrù mi sí ìnṣọ́ránsì, kí n sì mú ìwé ẹ̀rí wá! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí ní Apómù? Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé yìí ò ní ìnṣọ́ránsì ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ní. Ilé tèmi ni mo fi síbẹ̀, ẹrù tìẹ ò sí nínú ẹ̀. Bí òrùlé bá jó, wọ́n á bá mi kan òmíràn. Bí ẹ̀rọ rẹ bá jó ńkọ́? Ta lo fẹ́ lọ bá?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Èmi tí mo máa ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sùn! Mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo sì ṣe é. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì náà kìlọ̀ pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kí n má kó nǹkan kan kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi wá wò ó. Mo ní mo ti gbọ́.

Ìyá Súfí tó ń ta ata gbígbẹ, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Àǹtí Oníkádígàn, ṣé o ti ránṣẹ́ pe iná ni? Ọlọ́run ni ìnṣọ́ránsì tèmi o!"

Mo ní Ọlọ́run náà ni tèmi, àmọ́ ọwọ́ Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ọyẹ́ dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan dáná sun igbó nítòsí oko kòkó tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ ṣáà mọ atẹ́gùn ọyẹ́! Kíá ni ẹyin iná wẹ́wẹ́ ti ń fò kiri. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà, mò ń ká aṣọ. Fèrèsé mi ṣí sílẹ̀, òwú wúùlù sì kún inú yàrá. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, èéfín dúdú ti ń tú jáde!

Kí ló yẹ kí n ṣe? Ṣebí kí n dúró síta ni! Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mi ni mo rò. Mo sáré wọlé, mo dì í mú, irin rẹ̀ ti gbóná, ó bó mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo máa yí padà, mi ò rí ilẹ̀kùn mọ́. Háà! Mo ń fọwọ́ tá ògiri kiri, mò ń wúkọ́, mo ní ó ti parí nìyẹn.

Ohùn Ìyá Súfí ni mo gbọ́. "Fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ìwọ wèrè yìí! Máa bọ̀ níbi ohùn mi!" Ó gbá ìró mi mú, ó sì fà mí jáde bí ẹni fa ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò rìn. Èmi jáde. Ẹ̀rọ kò jáde.

Wọ́n pa iná náà kó tó ran yàrá kejì. Àbúrò mi gbé mi lọ sí Ìkirè kí wọ́n lè tọ́jú ọwọ́ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ti lọ sí Ìbàdàn láti fi tó ọ́fíìsì létí. Mo ṣílẹ̀kùn. Yéè! Yàrá mọ́ tónítóní! Wọ́n ti gbá a, wọ́n ti fomi fọ̀ ọ́. Kò sí eérú, kò sí irin!

Ẹ jẹ́ kó yé yín: ní àdúgbò wa, a kì í jẹ́ kí ẹni tí iná jó ẹrù rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kó eérú. Àwọn obìnrin ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n sì ti bá mi ṣe é. Inú ire ni wọ́n fi ṣe é o! Ìyá Súfí ní àwọn ò fẹ́ kí n rí i ni.

Mo bú sẹ́kún. "Kí wá ni ará Ìbàdàn yóò wò báyìí?"

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wọn, ariwo ta! Ìyá Súfí ló kọ́kọ́ gbé agbọ̀n, ó di ààtàn. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń fọwọ́ tú ohun tí wọ́n fọwọ́ dànù!

"Kòkò ta nìyí?"

"Fi kòkò olókòkò sílẹ̀, irin là ń wá!"

Ìgbà tí ọkùnrin tí ọ́fíìsì Ìbàdàn rán wá dé, gbogbo wọn ti funfun bí ẹni ta èlùbọ́. Ó béèrè ẹni tí ẹrù rẹ̀ jó. Wọ́n pa ohùn pọ̀: "Àwa ni!"

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Súfí figbe ta. "Mo ti rí i! Òun nìyí, ó léyín!" Irin gbọọrọ ẹ̀rọ mi ni, tí abẹ́rẹ́ tò sí lára bí eyín ooyà.

Ọkùnrin náà yí i wò sọ́tùn-ún sósì, ó lọ wo ògiri àti síìlìn tó dúdú. Ó bá wa wí díẹ̀, ó ní a ì bá ti fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti gbà. Wọ́n ní kí n lọ, kí n bọ̀, títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun dé kí iléèwé tó wọlé!

Ọjọ́ tí mo tú u kalẹ̀ nínú páálí ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an. Irin tí mo fẹ́ kú lé lórí yẹn, ìrọ́pò rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti tọwọ́ bọ̀wé! Kí ni mo wá bá lọ sínú iná?

Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbélé onílé, ẹ ka àgírímẹ́ǹtì yín dáadáa. Ìnṣọ́ránsì onílé kò kan bẹ́ẹ̀dì yín. Bí ẹ bá sì ti ṣe tiyín, ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n má tètè gbálẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ fi ẹrù sílẹ̀, kí ẹ sá!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ sọ ọ́ fún wa, ẹ má tijú: kí lẹ sáré padà wọlé lọ mú?