Ilé Ẹja tí Baba Kọ́ sínú Odò

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, bàbá mi kọ́lé sínú odò, ẹja ló sì kọ́ ọ fún. Ẹ̀ka igi tútù àti kùkùté tí a hú lóko ló ń dì mọ́ òkúta, tó ń rì wọ́n síbi tí odò wa ti jìn, lápá Bùnú. Ewé omi hù sára igi náà, ẹja kéékèèké wá ń jẹ ẹ́, àwọn ńlá sì tẹ̀ lé àwọn kéékèèké. Baba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ ìgèrè síbẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin máa lọ ilé ọkọ nígbà náà. Ó ní ọbẹ̀ àrọ̀ ni òun máa fi gba àlejò, kí wọ́n má baà lọ sọ pé ahun ni òun.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò bínú. Ìgèrè tiwọn ń jáde lófìfo. Àgbà wọn kan wá bá a nílé, ó ní, "O ti pe gbogbo ẹja odò sí ẹnu ọ̀nà rẹ."

Baba rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ẹ ri igi tiyín. Àbí ẹ ò ní àdá ni?"

Bàbá mi lẹ́nu, èmi náà sì jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni àgbà yẹn sọ. Igi Baba kò tíì mú ẹja kankan pọ̀ sí i nígbà yẹn, ó kàn ń kó ti gbogbo odò jọ ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn ku díẹ̀ nígbà tí ibà dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. A gbé e, ó di ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí àwọn oníṣègùn òyìnbó wà. Ojú ọ̀nà ló dákẹ́ sí. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ: gbogbo ẹni tó ń jáde nílé wa ló ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Mo kórìíra òwe yẹn títí di òní.

A kì í se àsè fún òkú ọ̀dọ́. Baba kò dé etí odò mọ́. Ìyé, ìyá wa, bẹ̀ ẹ́ pé kí a kó ẹja náà tà. Baba ní, "Ẹja ọmọ mi ni. Ẹ fi í sílẹ̀."

Òjò dé, ẹja tí a kò pa yé ẹyin sáàárín igi, wọ́n bí títí ilé kò fi gbà wọ́n mọ́. Nígbà tí odò kún, wọ́n bá omi lọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kó ẹja tí wọn kò kó rí.

Àgbà yẹn náà ló tún wá, ó ru agbọ̀n àrọ̀ fúnra rẹ̀. Ó kí Baba ní ìkíni ilẹ̀ wa, "Okun o. Okun o. Ilé rẹ ni wọ́n ti wá. A ò lè máa jẹ ẹ́ láìmú tìrẹ wá."

Ìyé rò pé Baba yóò dà á nù. Baba sọ agbọ̀n náà kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó ní, "Ẹ sè é. Gbogbo rẹ̀."

Nígbà tó jinná, kò jẹ́ kí Ìyé bù ú. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àwo kiri bí bàbá ìyàwó, ó bù fún àgbà náà, ó bù fún wa, ó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó tó. Mo ní ó tó, Baba.