Ìyá Tí Mo Ní Lọ́dún Òkun ní Ugbonla

Lónìí, obìnrin kan tí n kò rí rí sọ níwájú gbogbo ìlú pé òun ló bí mi.

Ọdún òkun ni mo bá lọ sí Ugbonla. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Bí ọkọ̀ wa ṣe gúnlẹ̀ létí ọ̀sà, bàbá àgbà tó ń ṣáájú ètùtù dá mi dúró.

"Ta ló ni ọ́?"

Mo na ìwé àṣẹ tí Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó fún mi sí i. Kò gbà á.

"Ṣé Ajẹ́lẹ̀ ló bí ọ? Àlejò tí kò ní ará nílùú kì í dé etí òkun lónìí. Padà sínú ọkọ̀."

Mo ti ń padà nígbà tí obìnrin kan tó ń yan ẹja nítòsí dìde.

"Bàbá, ọmọ mi ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ìlú òkè, níbi tó jìnnà sí òkun, ló ti dàgbà. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ kò yé mi."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, bàbá náà pẹ̀lú, ó sì yà fún wa lọ́nà. Ìyá yìí ní kí n bọ́ bàtà, ó fà mí lọ́wọ́ dé etí òkun. Nígbà tí wọ́n ń súre fún àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n súre fún èmi náà.

Mo dúpẹ́ títí, mo sì bi í pé kí ló dé tó fi gbà mí.

"Àkọ́bí mi ń pẹja ní Kamẹrúùnù," ó ní. "Wọ́n ń ṣọdún níbẹ̀ náà, kò sì ní ará níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi dúpẹ́. Ta ló ti sọ rí pé òun ló ni yín, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ yín?