Asale Tí Kò Lámì Lórí

Nígbà tí Tẹ́rì, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, ní kí n ya ọ̀nà fún lọ́rì kan láti Dagenham Dock, ní London níbí, dé Agadez, mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pílánà. Pílánà ni ẹni tó ń pín ẹrù fún àwọn awakọ̀, tó ń sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà, ibi tí wọn yóò ti sinmi àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dé. Bí ẹ bá dárúkọ èbúté Felixstowe, mo lè dijú júwe rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá ní Dover, mo mọ ibi tí tíì wọn ti dùn lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Agadez? Ìlú tó wà láàárín yanrìn, ní orílẹ̀-èdè Niger, lókè Kánò lọ́hùn-ún! Ẹni tí kò mọ̀nà ni wọ́n ní kó ṣáájú.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga ni lọ́rì náà fẹ́ gbé lọ. Ọ̀nà etíkun tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀ ti dí, torí wọ́n ti ti ibodè Niger níhà ìsàlẹ̀ pa nígbà náà. Kò kù ju kí lọ́rì wọ ọkọ̀ ojú omi láti Marseille dé Algiers, kó wá dorí kọ ìsàlẹ̀ gba inú aṣálẹ̀ kọjá. Ọ̀nà àwọn oníràkúnmí ayé àtijọ́ ni. Òun ni wọ́n fi ń kó iyọ̀ àti káún bọ̀, tí awọ àti obì sì ń bá wọn padà. Káún tí ìyá àgbà mi ń jù sínú ẹ̀wà n'Íjẹ̀bú, ó ṣeé ṣe kó ti gun ràkúnmí rí kó tó gun ẹnu wa.

Kọ̀ǹpútà wa kọ̀ jálẹ̀. Mo tẹ orúkọ Agadez sí i, ó bi mí pé ṣé Aberdeen ni mo ń wí. Mo gbé máàpù méjì kalẹ̀: ibi tí ọ̀kan fa ọ̀nà sí gbọnrangandan, tó-tò-tó lásán ni èkejì tò síbẹ̀. Ẹnì kan ní wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀nà náà, ẹlòmíràn ní yanrìn ti gbé ọ̀dà ọ̀hún mì. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní River Road, ibi tí a ti ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan. Àwọn ló fi mí mọ Alhaji Ràímì.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Alhaji, ó sì ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agadez tipẹ́tipẹ́. Òun ni a bá ṣàdéhùn pé yóò wá pàdé lọ́rì wa ní ibodè Niger, kó mú un wọlé. Mo bi í lórí fóònù pé máìlì mélòó ni láti ibì kan sí èkejì.

"Máìlì bí i ti báwo, Ìyáàfin?" ló wí. "Kànga la fi ń wọ̀n ọ́n níbí. Ẹ bi mí pé kànga wo ló kàn, kí n dá yín lóhùn."

Bí mo ṣe pa máìlì tì nìyẹn, tí mo ń to kànga tẹ̀ lé kànga, bí mo ṣe ń to ibi tí awakọ̀ ti ń mu tíì lójú ọ̀nà Dover.

Awakọ̀ tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Káyọ̀dé ni, àbúrò mi gan-an, àbígbẹ̀yìn ilé wa. Dagenham níbí ló dàgbà sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á.

"Sister Bọ́sẹ̀, relax," ló wí fún mi. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ya ọ̀nà. What could go wrong?"

Ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà.

Ó dé Algiers láyọ̀. Òun àti afinimọ̀nà tí a háyà fún un jọ wakọ̀ dé Tamanrasset, ìlú ńlá tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kan ibodè Niger. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀, Káyọ̀dé fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi. Alhaji ló kọ ọ́ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "E ma wo asale lola. Mo n bo."

Káyọ̀dé fi tirẹ̀ kún un nísàlẹ̀: "What's he saying, Sister? Go or stay?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, ó yé mi. Mo tún un kà, kò yé mi mọ́. Ṣé "Ẹ má wọ aṣálẹ̀ lọ́la" ni, pé kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà? Àbí "Ẹ máa wọ aṣálẹ̀ lọ́la," pé ọ̀la gan-an ni kí wọ́n wọ̀ ọ́? Àwọn èèyàn burúkú wà lójú ọ̀nà yẹn, ìjì yanrìn sì wà. Bí Alhaji bá ń kìlọ̀ fún wa tí a kò gbọ́, àbúrò mi ló máa forí fá a. Mo pe fóònù Alhaji títí, kò wọlé. Íńtánẹ́ẹ̀tì òtẹ́ẹ̀lì Káyọ̀dé náà kò lágbára tó láti gbé ohùn, ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ló ń gbé.

Mo bá fi fóònù pe Màmá Ògúndélé ní Whalebone, ládùúgbò wa. Tíṣà Yorùbá ni Màmá kó tó wá sí London, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ.

"Màmá, mo fẹ́ ka nǹkan kan fún yín."

"Kà á, mo ń gbọ́."

Mo la ẹnu, n kò lè kà á. Bí mo bá ti lè fi ohùn kà á, mo ti túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo wá ń pe lẹ́tà rẹ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Màmá mí kanlẹ̀. "Bọ́sẹ̀, níbo ni àbúrò rẹ wà báyìí?"

"Tamanrasset, mà."

"Kí ló yí ibẹ̀ ká?"

"Yanrìn, mà."

"Aṣálẹ̀ wo ló wá kù tó fẹ́ wọ̀? Bóyá àṣálẹ́ ni ọkùnrin yẹn ń wí, pé kí ìrìn wọn má wọ alẹ́."

"Ṣé ó dá yín lójú, mà?"

"Rárá o! Ọ̀rọ̀ tí kò lámì lórí, ta ni yóò fọwọ́ ẹ̀ sọ̀yà? I can't gamble with somebody's child, my dear."

Méjì ni ìtumọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi kí n tó pè é. Ó ti wá di mẹ́ta.

Nígbà tí mo fi máa gbé fóònù sílẹ̀, Tẹ́rì ti dúró sẹ́yìn àga mi. Àwọn tó lẹrù ti ń pè é. Ó ní kí n sọ fún àwọn Káyọ̀dé kí wọ́n gbéra, pé lọ́rì kì í rìn níbi tó bá dúró sí. Èmi sì ti pinnu nínú ọkàn mi pé Káyọ̀dé kò ní í kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn títí ohùn Alhaji yóò fi wọlé. N kò fẹ́ kí ohun tí mo ń kọ yé Tẹ́rì, tí kì í gbọ́ Yorùbá, torí náà mo kọ ọ́ ní Yorùbá, kíákíá: "Ma lo."

"Kí lo kọ yẹn?" ni Tẹ́rì bi mí.

"Ohun tó yẹ ni," ni mo dá a lóhùn.

Káyọ̀dé fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́ padà pé òun ti gbọ́. Ọkàn mi balẹ̀, mo jẹun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo kí i, kò dáhùn. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì, Faransé ni wọ́n ń sọ. Tẹ́rì gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó lo ìwọ̀nba tó kọ́ nílé ìwé, ó sì yíjú sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Wọ́n ti lọ, Bọ́sẹ̀. Ìdájí ni wọ́n ti lọ. Ṣebí ohun tó o ní kí wọ́n ṣe nìyẹn?"

Mo ṣí fóònù mi. "Ma lo" ló wà níbẹ̀, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Èmi tí mo fi odidi ọ̀sán bú Alhaji nítorí àmì!

N kò lè júwe bí ọjọ́ yẹn ṣe lọ. Mo darí lọ́rì ẹlòmíràn sí Dover, Dover kọ́ ló ń lọ. Mo gbàdúrà, n kò rántí ohun tí mo tọrọ. N kò mọ̀ bóyá kí n máa bẹ̀rù yanrìn ni, tàbí èèyàn, tàbí kí n kàn máa bẹ̀rù ọwọ́ ara mi. Oòrùn ń lọ wọ̀ lórí odò Thames nígbà tí fóònù dún. Nọ́ńbà Alhaji ni.

"Ìyáàfin, ẹ kú iṣẹ́ o! Àbúrò yín ti dé ọ̀dọ̀ wa. Awakọ̀ gidi ni."

Mo jókòó. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kọ lánàá? Ṣé kí wọ́n máa bọ̀ ni, àbí kí wọ́n má bọ̀?"

"Kí wọ́n má bọ̀ kẹ̀? Mo ní ẹ má wọ àṣálẹ́! Wọ́n máa ń ti ibodè nírọ̀lẹ́. Kí wọ́n tètè gbéra láàárọ̀ ni mo wí, èmi náà ń bọ̀ wá pàdé wọn."

"Ẹ ò fi àmì sí i, Alhaji."

"Àmì wo? Yorùbá ni mo kọ! Àbí ẹ ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ní London ni?"

Mo ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ká ní Káyọ̀dé ṣe ohun tí mo fẹ́ ni, bàbá yìí ì bá jókòó sí ibodè nínú oòrùn, kó máa retí ẹni tí kò ní í wá. Ṣé kí n dúpẹ́ ni, àbí kí n tọrọ àforíjì? Títí di òní, n kò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kì í fi ọ̀rọ̀ kíkọ dá awakọ̀ dúró mọ́. Mo máa ń pè é, kó gbọ́ ohùn mi.

Káyọ̀dé gba fóònù lọ́wọ́ Alhaji. "Sister! We made it o. Ilẹ̀ ò tíì ṣú."

"Káyọ̀dé, ta ló ní kó o gbéra?"

"Ẹ̀yin náà ni now. Ẹ ní máa lọ."

"Má lọ ni mo kọ! Má lọ! Pé kó o dúró!"

Mo ń gbọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ ilé ìwé ṣì ni Káyọ̀dé nígbà tí ìyá wa kú, kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀.

"Sister, ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n kà," ló wí. "Bí Mummy ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni mo gbọ́ ọ, every morning, tí mo bá ń lọ sí school. Mummy never told me the other one."

Mo fa máàpù sún mọ́ra. Agadez ṣì wà níwájú wọn.

"Ó dáa, àbúrò mi," ni mo wí. "Máa lọ."