Ọ̀pá Alákìísà Pupa Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Títí di òní, bí mo bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí mo sì gbọ́ ìró tírélà lẹ́yìn mi, ọwọ́ mi á lọ sí ọ̀fun mi. N kì í mọ ìgbà tó ń débẹ̀. Ìyàwó mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ṣé mo fẹ́ fún ara mi lọ́rùn ni. Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, n ò sì tíì rójú sọ ọ́ fún un dé ìdí.

Hayin Banki là ń gbé nígbà náà, ìyá wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti èmi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí wa sí, Haúsá ló sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi tí inú bá bí mi. Inú sì máa ń bí mi dáadáa. Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí epo di ohun tí èèyàn ń tò fún láti àárọ̀ dalẹ́, kẹ̀kẹ́ tún padà níyì nílùú. Àwa mẹ́fà kan kó ara wa jọ, a ń gun kẹ̀kẹ́ eré ìje, èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ìwo àgbò. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tí a bá ti kírun sùbúhì tán, a ó la ìlú já lọ sí Sabon Tasha, a ó kọjá Kamazou, a ó sì ti padà délé kí oòrùn tó mú. Èmi ni olórí wọn. Kì í ṣe pé mo dàgbà jù wọ́n lọ o, ẹnu mi ló le jù.

A ní òfin, èmi ni mo sì ṣe é. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan là ń tò, táyà ẹni ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹni iwájú. Ohun tí ẹni iwájú bá ṣe ni gbogbo wa ń ṣe. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń ṣọ́ títì: bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, á pariwo, “Mọ́tò!” gbogbo wa á sì fún mọ́ etí títì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, torí bí o bá bojú wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ rẹ á mì, o ó sì da gbogbo ìlà rú. Ẹni tó bá ṣe é, màá bú u débi tí kò ní lè jẹun lọ́sàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, ní pápá kan ní Kawo. Á di ìjókòó mi mú látẹ̀yìn, á máa sáré tẹ̀ lé mi, bí ó bá sì rí i pé kẹ̀kẹ́ fẹ́ gbà mí lọ́wọ́, á kígbe pé, “Dà á nù!” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí n ju ara mi sórí koríko. Mi ò gbọdọ̀ béèrè ìdí. Ìgbà kan tí mo béèrè, ara ògiri mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni mo bá ara mi.

Nígbà tó yá, ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣọ kan, ibẹ̀ ni ìdì aṣọ ti já lé e lẹ́yìn. Oṣù mẹ́jọ ló fi wà lórí ibùsùn. Dókítà ní á rìn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn ba lórí kẹ̀kẹ́ mọ́ láéláé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ìbá sàn kí wọ́n ní kó má jẹ ẹran mọ́. Ọjọ́ kan ló bá fa àwòrán kan yọ nínú ìwé ìròyìn òyìnbó àtijọ́, òyìnbó kan ló fẹ̀yìn tì lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, tó na ẹsẹ̀ síwájú tó ń fi wà á. Ó mú un lọ bá àwọn wẹ́dà tó ń jó irin ní ọjà Panteka. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gùn ún wálé.

Táyà kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló wà níwájú, táyà ńlá wà lẹ́yìn. Rọ́bà táyà inú ni wọ́n fi hun ìjókòó rẹ̀, ó sì ní ìfẹ̀yìntì. Ó so jígí ọ̀kadà kan mọ́ ọn lápá òsì, torí ẹni tó fẹ̀yìn tì báyẹn kò lè yí ọrùn wẹ̀yìn. Tó bá wà lórí rẹ̀, orí rẹ̀ kò ga ju ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò lọ. Ìyá wa wò ó títí, ó ní, “Ṣé ojú títì lo ti fẹ́ máa sùn báyìí ni?”

Ojú tì mí, n ò ní purọ́. Ní ìlú wa, àwọn tó ń jókòó nílẹ̀ báyẹn lórí irin ni àwọn tí àìsàn ti gba ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń dúró níwájú mọ́ṣáláṣí gba sàráà. Sátidé àkọ́kọ́ tó bá wa jáde, ìyá oníkóṣé kan ní Kawo sáré sọdá títì, ó gbé kóṣé gbígbóná, àkàrà àwọn Haúsá, tí wọ́n fi ìwé wé lé e níkùn, ó ní, “Allah ya ba ka lafiya,” pé kí Ọlọ́run fún un ní ìlera. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Amin,” ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ní tèmi, ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá ti wọ inú rẹ̀ lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ mi kò jẹ́ kó sinmi. Tísà kan wà láàárín wa, tó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun gun kẹ̀kẹ́, òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oorun o! Ṣé ẹ gbé ìrọ̀rí dání?” Òmíràn ní ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe kẹ̀kẹ́, ibùsùn tó ní táyà ni. Wọ́n ní ọ̀lẹ ló ń dùbúlẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Lóòótọ́, tí a bá ń gun òkè, ó máa ń sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lù wá lójú, tí àwa ń tẹrí mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí à ń mí hẹlẹhẹlẹ, á kàn kọjá lára wa ni, nílẹ̀ nílẹ̀, afẹ́fẹ́ ò rí i mú. Ìyẹn ló wá bí wọn nínú jù. Ó bí èmi náà nínú.

Ni tísà bá pè mí sápá kan. “Olórí, ṣé a ti di ẹgbẹ́ arọ ni? Bí tírélà bá gun orí rẹ̀ ńkọ́? Awakọ̀ wo ló máa rí i?” Mo ní kò burú, màá ṣètò. Mo wá ọ̀pá igi kan tó nípọn bí àtàǹpàkò, mo ya àkísà láti ara gèlè pupa ìyá wa, mo so ó sí ṣóńṣó rẹ̀. Mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́ mi nínú ọgbà, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi gé ọ̀pá náà kó bá àtàrí mi dọ́gba, kí awakọ̀ lè rí i bó ṣe ń rí èmi gan-an. Ó de ọ̀pá náà mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀. Mo tún ní ẹ̀yìn pátápátá ni kó máa wà. Mo ní torí jígí rẹ̀ ni. Irọ́ ni. N ò fẹ́ kí àwọn tó ń wò wá lójú títì mọ̀ pé a jọ ń lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti gbé mi wọ̀. Ẹ̀rù gidi. Èmi ni mo wà níwájú, òun ló wà nídìí, tírélà sì ń sáré pa ara rẹ̀ lójú títì tó ṣófo. Ṣéènì rẹ̀ máa ń dún fínín-fínín, ìró yẹn ni mò ń fi etí wá láti Kawo dé Kamazou. Bí n ò bá gbọ́ ọ, àyà mi á já. Mo lè sọ pé kó bọ́ síwájú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. N kò sọ ọ́, ìgbéraga mi ju ẹ̀rù mi lọ.

Oṣù mẹ́rin la fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní Sátidé kan, a ti ṣẹ́rí padà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Kamazou, a ń bọ̀ sí Sabon Tasha. Mo gbọ́ ìró tírélà lẹ́yìn, mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi pariwo, “Mọ́tò!” Kò pariwo bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni, “Dà á nù! Dà á nù!”

Ọwọ́ mi gbọ́ kí orí mi tó gbọ́. Mo ju kẹ̀kẹ́ sínú kòtò, mo ju ara mi tẹ̀ lé e. Àwọn márùn-ún tó tẹ̀ lé mi ṣe bí ẹni iwájú ti ṣe, wọ́n rọ́ lé ara wọn lórí. Tísà ń pariwo, “Kai! Orí rẹ dàrú ni?” Mo gbọ́ “kà!” lẹ́yìn, bí ìgbà tí nǹkan kán. Lẹ́yìn náà ni tírélà kọjá. Pákó ló kó. Ọ̀kan nínú àwọn pákó náà ti yọ́ jáde lábẹ́ okùn, ó nà síta ju gígùn èèyàn lọ, ó ń gbá etí títì lọ bí ọwọ̀. Ó kọjá lókè orí wa, ó ń dún fùú. Awakọ̀ náà kò tilẹ̀ dẹ ẹsẹ̀.

Eruku rọlẹ̀, mo sì rí ohun pupa kan tó kọ́ ẹ̀gún nítòsí ojú mi. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Lá iláha illalláhù ni mò ń wí, n kò lè yí orí wẹ̀yìn. Mo ń ronú ohun tí màá sọ fún ìyá wa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àkísà gèlè ni, ó sì tún pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó gbọ́ fínín-fínín.

Ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó fẹ̀yìn tì bó ṣe máa ń fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ funfun fún eruku. “Ṣé ẹ pé?” ó béèrè. “Ka àwọn èèyàn rẹ.” Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. A pé mẹ́fà.

A gun kẹ̀kẹ́ wa padà dé Hayin Banki. Nínú ọgbà wa, mo jókòó sórí kẹ̀kẹ́ mi, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ti tirẹ̀ sún mọ́ mi. Ibi tí ọ̀pá náà ti kán kàn mí ní gògóńgò gẹ́lẹ́. Igi náà rí ṣákaṣàka, ó gún mi lọ́fun.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “ojú yín ló ń tì mí. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe fi yín sẹ́yìn.”

Ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu jígí. “Mo mọ̀,” ó ní. “Ẹ̀yìn rẹ ni mò ń wò láti oṣù mẹ́rin. O ò bojú wò mí lẹ́ẹ̀kan.”

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tísà fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú.” Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní ta ló tún ní jígí nínú wa? Ẹ̀yìn ni òun máa wà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Èmi tí mo ṣe òfin ni mo rú u lọ́jọ́ náà. Láti Kawo dé Kamazou, mò ń bojú wẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ mi ń mì, ìlà ń dàrú, kò sì sẹ́ni tó bú mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wò, á ti gbé ọwọ́ kan sókè kí n lè rí i.